Omi Gbígbóná ní Òjòwò

Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, omi ìwẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti kúrò nílé. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé gbé igbá omi kan fún mi, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó ní ibẹ̀ ni àwọn àlejò ti ń wẹ̀. Mo débẹ̀, mo bá ògiri imọ̀ ọ̀pẹ tí kò ga ju àyà mi lọ, òkúta pẹlẹbẹ kan nílẹ̀, àti ewúrẹ́ kan tí ó dúró tí ó ń wò mí bí ẹni tí ó wá wòran. Mo da omi náà sára. Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, títí di òní ni wọ́n ṣì ń fi sín mi jẹ ní Òjòwò.

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín mi tán, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ Èkó ni mí, ọmọ Àgùdà, láti ìdílé àwọn tí ó ti òkè òkun padà wá tí wọ́n ń fi bíríkì kọ́lé. Iṣẹ́ tèmi ni páànù àti bàbà lílù. Mo lè lu àgbá, mo lè fi òjé yíyọ́ so páìpù mọ́ páìpù kí omi má sì kán níbẹ̀. Nínú ilé àwọn oníṣòwò ńlá létí ọ̀sà, èmi ni mo ń ṣe é tí omi gbígbóná fi ń ti ara ògiri jáde sínú ọpọ́n ìwẹ̀ wọn. Èmi alára, garawa ni mo fi ń wẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni àbíkẹ́yìn láàárín àwọn ọkùnrin tí gbogbo wọn jẹ́ ọ̀gá, orí ẹní ni mo sì ń sùn ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Bí àlejò bá ti dé, wọn á ní kí n dìde, wọn á ká ẹní mi. Ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ kò ju ilẹ̀kùn kan ṣoṣo lọ, tí èmi fúnra mi á máa tì, tí èmi fúnra mi á máa ṣí.

Ibi tí mo ti ń ronú ilẹ̀kùn yìí ni Bàbá Sùnmọ́nù ti bá mi. Oníṣòwò ni, Mùsùlùmí láti Òjòwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ènìyàn fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lẹ́yìn ogun ni, ó sì gbé ẹ̀kùrọ́ wá sí Èkó. Nílé oníbàárà rẹ̀ ni ó ti rí mi níbi tí mo ti ń dán ẹ̀rọ omi wò. Ó ki ìka bọ omi náà, ó sì yára fà á sẹ́yìn.

"Lèsí ṣe èyí?" Ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú ni, ó ń béèrè ẹni tí ó ṣe é.

"Èmi ni, bàbá."

"Wo lè ṣe é n'Ìjẹ̀bú-Igbó?"

"Ibi tí iná àti omi bá wà, mo lè ṣe é níbẹ̀."

Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ìyàwó òun kékeré, Sáfúrátù, lóyún. Ó ní ìyá òun ni ó ń wẹ gbogbo abiyamọ inú ilé náà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú omi tí ó gbóná dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá òun ti ń gbọ̀n, ìkòkò omi gbígbóná kò sì ṣeé gbé fún ọwọ́ tí ń gbọ̀n. Ìyá náà kò gbà kí ẹlòmíràn ṣe iṣẹ́ náà. Bí mo bá lè mú kí omi gbígbóná máa ṣàn nínú ilé òun kí Sáfúrátù tó bímọ, òun yóò fún mi nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òun, òun yóò sì mú mi lọ síwájú àwọn àgbà Òjòwò láti sọ fún wọn pé ọmọ ilé òun ni mí. Bí n kò bá lè ṣe é, òun yóò sìn mí dé etí omi, kí n máa bá tèmi lọ. Mo ti gbà kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ẹni tí ó bá ní Ìjẹ̀bú kò jìnnà sí Èkó, òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n kò tíì gbé ibẹ̀ ni. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ni èmi náà ń sọ, síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, bí ẹni tí etí rẹ̀ di ni mo rí. Bí wọ́n bá fẹ́ pe gbogbo ènìyàn, wọn á ní "dede yín." Bí wọn kò bá mọ nǹkan, wọn á ní "mé è mọ̀," "éè" sì ni wọ́n ń lò fún "kò." Èmi náà sọ ọ́ lọ́jọ́ kan láti fi hàn pé mo ti ń gbọ́ èdè, àwọn obìnrin tó wà nídìí ọlọ sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro mi, nítorí ìkọ́kọrẹ́ wọn bá mi lára mu láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí ó ṣe mí ni pé n kò gbọ́ ìró omi mọ́. Ní Èkó, ibi yòówù kí o wà, ọ̀sà ń sọ̀rọ̀ nítòsí. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, igi ni ó yí wa ká, bí oòrùn bá sì ti ń rọ̀, àárò ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mí. Mo sunkún nígbà kan tàbí méjì, ẹ má sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹni tí ó ń gbà mí lọ́wọ́ àárò náà ni Ìyá Ìwópin. Obìnrin ará etí omi yìí máa ń gbé ẹja yíyan wá sí ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó, ọkọ̀ rẹ̀ a sì máa lọ títí dé Èkó láti ra iyọ̀. Òun ni ó ń bá mi jẹ́ iṣẹ́ fún ìyá mi. Kì í ṣe pé ó kàn ń sọ ohun tí ìyá mi sọ. Á kọ́kọ́ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, á wú ikọ́ bí ìyá mi ṣe ń wú u, ohùn ìyá mi á sì jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárín ọjà:

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o ń jẹun? Ṣé wọn kò fìyà jẹ ọ́? Ǹjẹ́ o ń rí omi gbígbóná wẹ̀? O mọ̀ pé ikọ́ kì í jẹ́ kí o gbádùn bí ọyẹ́ bá dé."

Àwọn ènìyàn á kó jọ, wọn á máa wò mí bí ẹni pé ìyá mi dúró síbẹ̀ lóòótọ́. Èmi náà á tẹríba. Mo máa ń dáhùn gbogbo rẹ̀: mo ń jẹun, wọn kò fìyà jẹ mí, iṣẹ́ ń lọ. Èyí tó jẹ mọ́ omi gbígbóná yẹn nìkan ni n kì í dáhùn. Nínú ilé náà, omi gbígbóná wà fún àwọn àgbà àti àwọn abiyamọ. Àlejò tí ó bá béèrè rẹ̀, obìnrin kan ni yóò tún padà lọ sí odò, tí yóò tún wá igi. Ojú tì mí láti béèrè. Èmi tí mo wá gbé omi gbígbóná wọ ìlú ni mo ń wẹ omi tútù lójú ewúrẹ́.

Mo ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àwọn obìnrin ilé gún amọ̀, a sì mọ ààrò ńlá kan sẹ́yìn ògiri balùwẹ̀ àwọn abiyamọ. Orí ààrò náà ni mo gbé àgbá bàbà tí mo lù lé. Lókè, lórí pẹpẹ amọ̀ gíga, mo gbé àgbá epo ńlá kan tí a fọ̀ mọ́, tí a ń pọn omi odò kún. Omi tútù láti inú àgbá òkè ń sọ̀ kalẹ̀ wọ abẹ́ àgbá bàbà, òun ni ó sì ń ti èyí tí ó ti gbóná jáde gba páìpù wọlé. Bàbá Sùnmọ́nù máa ń jókòó tì mí, á ní kí n tún un ṣàlàyé, á sì lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí bí ẹni pé òun ni ó kọ́ mi.

Nínú balùwẹ̀, mo ṣe ohun tí ojú mi mọ̀. Mo kan ọpọ́n ìwẹ̀ gígùn, mo fi páànù bo inú rẹ̀, mo gbé e sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ń dán yanran. Ọjọ́ tí a dá iná sí i fún ìgbà àkọ́kọ́, páìpù náà hu bí àgbàlagbà tó ń jí lójú oorun, lẹ́yìn náà omi gbígbóná tú jáde pẹ̀lú èéfín rẹ̀. Ariwo ayọ̀ gba ilé. Wọ́n ń pe mí ní Àgùdà, Àgùdà, Àgùdà. Mo dúró bí ọba.

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà, ìyá Bàbá Sùnmọ́nù, wọlé. Obìnrin kékeré ni, ojú rẹ̀ mú. Ó yí ọpọ́n náà po, ó fi ọwọ́ tí ń gbọ̀n kàn án lára.

"Àgùdà, níbo ni abiyamọ á dúró?"

"Kò níí dúró, ìyá. Yóò sùn sínú rẹ̀ ni."

"Sùn sínú omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Ìdọ̀tí ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Inú omi náà ni yóò wà títí yóò fi wẹ̀ tán."

Ó yọjú síta.

"Dede yín, ẹ wá o! Àgùdà fẹ́ fi Sáfúrátù se ọbẹ̀!"

Ẹ̀rín náà dé odò. Sáfúrátù alára, pẹ̀lú oyún rẹ̀, di ògiri mú. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi náà ńkọ́? Mo ma jókòó sí ibo? Orí kí ni mo ma gbé ọmọ lé?" Ó jáde, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Inú bí mi gan-an. Mo sọ fún Bàbá Sùnmọ́nù pé àwọn ènìyàn ńláńlá ní Èkó ni wọ́n ń lo irú ọpọ́n yẹn, pé n kò ní tú u, pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó dára ni kò ní fẹ́ ẹ. Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán.

"Ìyá mi ló ń wẹ abiyamọ nílé yìí," ni ó wí. "Ohun tí éè bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, éè sí nílé yìí. Oyún Sáfúrátù sì ti wọ oṣù rẹ̀."

Lọ́jọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé e, mo bá Ìyá Ìwópin. Mo ní kí ó sọ fún ìyá mi pé mò ń bọ̀ nílé. Mo ní kí ó sọ fún un pé mo ṣe ọpọ́n ìwẹ̀ tó rẹwà, arúgbó kan sì kọ̀ ọ́ nítorí pé kò rí ibi gbé ọmọ lé. Ìyá Ìwópin wò mí lókè wò mí nílẹ̀. Ó ní òun yóò jẹ́ ẹ bí mo ṣe rán an gẹ́lẹ́, àti bí mo ṣe ń yínmú.

Títí ó fi padà dé, mo ń rìn káàkiri ilé náà bí ẹni tí kò ní iṣẹ́. Mo ti di irinṣẹ́ mi sínú àpò. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ẹni tí ó yí padà sí mi. Wọ́n ń gbé oúnjẹ mi wá. Ìyá Àgbà alára ń bi mí bí mo ṣe sùn. Mo fẹ́ kí wọ́n bínú kí lílọ lè rọ̀ mí lọ́rùn, wọn kò bínú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ibi tí mo fẹ́ sá kúrò yìí ni mo ti mọ ohùn gbogbo ènìyàn láìwo ojú wọn, ó sì dùn mí dé egungun.

Ìyá Ìwópin dé. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó wú ikọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí! Nígbà tí mo bí ọ, ibo ni wọ́n ti wẹ̀ ọ́? Ṣé inú ọpọ́n àwọn oníṣòwò ni? Orí ẹsẹ̀ ìyá mi ni! Ó jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé ọ lé e, o sì tọ̀ sí i lára, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ni arúgbó yẹn wá béèrè tó fi di ẹjọ́? Padà lọ tọrọ àforíjì kí o sì ṣiṣẹ́ rẹ. Ǹjẹ́ o tilẹ̀ ń rí omi gbígbóná wẹ̀?"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín láàárín ọjà, èmi náà sì bá a rín in, nítorí kò sí nǹkan mìíràn tí ènìyàn lè ṣe.

Mo lọ bá Ìyá Àgbà níbi tí ó ti ń ṣa ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ dákun, ìyá, ẹ bá mi jókòó bí ẹ ṣe ń jókòó wẹ ọmọ."

"Kí wo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ wọn ẹsẹ̀ yín ni."

Ó gbé àpótí rẹ̀ wá, ó jókòó, ó ká aṣọ sókè, ó na ẹsẹ̀ kúkúrú rẹ̀ méjèèjì. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n láti ìbàdí dé gìgísẹ̀. Mo ní kí ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ bu omi, mo sì wọn ìyẹn náà. Ó ń fi mí ṣẹ̀sín ní gbogbo àkókò náà, ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, ọkùnrin kankan kò tíì wo ẹsẹ̀ òun tó bẹ́ẹ̀. A tú ọpọ́n náà jáde. Mo to òkúta pẹlẹbẹ sílẹ̀, mo jẹ́ kí ó da gẹ̀rẹ́ díẹ̀ kí omi lè ṣàn jáde lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo mọ ìjókòó amọ̀ rírẹlẹ̀ sí ara ògiri. Níbi tí ọwọ́ rẹ̀ dé ni mo fi ẹnu páìpù sí, ti omi gbígbóná lápá ọ̀tún, ti omi tútù lápá òsì, kí ó lè lú wọn pọ̀ nínú igbá láìgbé ìkòkò kankan. Ọpọ́n ìwẹ̀ mi tó ń dán yanran, àwọn ìyàwó ilé gbà á, wọ́n sì ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ gbádùn oorun rẹ̀ níbẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà ni Sáfúrátù bímọ, obìnrin, igbe rẹ̀ rinlẹ̀. Mo ti dá iná láti ìgbà tí wọ́n ti sọ pé ó ń rọbí. Ìyá Àgbà wọ balùwẹ̀, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ lé e. Gbogbo ilé dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí ẹ̀rọ.

Páìpù náà hu. Ó tún hu. Kò sí omi.

Mo gbọ́ tí omi ń hó nínú àgbá bàbà, iná ń jó dáadáa, kò sì sí ohun tí ń jáde. Bàbá Sùnmọ́nù ń wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Mo gun pẹpẹ amọ̀, mo wo inú àgbá òkè. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Nínú ayọ̀ ọmọ tuntun, àwọn tó ń se oúnjẹ àlejò ti bu gbogbo omi inú rẹ̀ lọ, nítorí òun ni ó sún mọ́ wọn jù. Kò sí omi tútù tí yóò ti omi gbígbóná jáde.

"Omi!" ni mo kígbe látòkè. "Dede yín, ẹ pọn omi wá!"

Èdè wọn ni ó jáde lẹ́nu mi, n kò tilẹ̀ mọ̀. Kò sì sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo ilé tú sí ọ̀nà odò, ìyàwó, ọmọ, àlejò tí ó wá kí wọn kú ewu. Bàbá Sùnmọ́nù ká agbádá lé èjìká, ó gbé ìkòkò lérí, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ìyá Ìwópin tí ó yà wá kí abiyamọ da ẹja inú agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó gba kèrègbè, ó sáré. Mò ń gba omi lọ́wọ́ wọn, mò ń dà á sínú àgbá. Nísàlẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà tó ń kọrin fún ọmọ náà kí ó má baà sunkún.

Páìpù náà wú ikọ́. Ó tutọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà omi gbígbóná rọ́ jáde sínú igbá, èéfín rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà, mo sì gbọ́ igbe ọmọ náà bí omi ṣe kàn án lára, igbe kan náà tí mo ké lójú ewúrẹ́ lọ́jọ́ tí mo dé. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jókòó sórí pẹpẹ náà, n kò lè sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wẹ ìyá tí wọ́n wẹ ọmọ tán, Ìyá Àgbà bọ́ síta. Ẹrẹ̀ àti èédú ti bo gbogbo ara mi.

"Àgùdà, wo ti wẹ̀ lónìí?"

"Rárá, ìyá. Mò ń lọ sẹ́yìn ilé ìdáná."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni àwọn àlejò ti ń wẹ̀."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń wá nǹkan.

"Lèsí ni àlejò?" ni ó wí. "Wọlé lọ wẹ̀. Omi ṣì ń gbóná."

Mo wọlé. Mo jókòó lórí ìjókòó tí mo fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ, orúnkún mi ga dé àgbọ̀n. Mo ṣí omi gbígbóná sí orí mi, ó ń ṣàn lọ sí ẹ̀yìn mi, ó ń ṣàn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Láti ìta, Ìyá Àgbà ń pariwo pé kí n má gbàgbé ẹ̀yìn etí. Mo sunkún níbẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tí ó lè mọ èyí tí í ṣe omijé.

Bàbá Sùnmọ́nù mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó mú mi lọ síwájú àwọn àgbà, wọ́n fún mi nílẹ̀, mo mọ yàrá kan, mo sì kan ilẹ̀kùn sí i fúnra mi. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, kí Ìyá Ìwópin tó kúrò nílùú lọ́jọ́ ìbímọ yẹn, mo sáré bá a níbi tó ti ń ṣa ẹja rẹ̀.

"Sọ fún ìyá mi pé mo ti fi omi gbígbóná wẹ̀. Nínú ilé ni o."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Yóò yé e."

Nígbà tí ó tún dé ọjà, mo ti mọ yàrá náà tán. Kò fi ọwọ́ lé ìbàdí, kò wú ikọ́. Mo bi í pé kí ni ìyá mi wí. Ó ní kò wí nǹkan kan. Ó ní bí òun ṣe jíṣẹ́ náà tán, ìyá mi dìde, ó wọ pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó ká ẹní mi, ó dì í, ó sì gbé e lé òun lórí. Ìyá Ìwópin sọ ẹní náà kalẹ̀ síwájú mi. Mo gbé e lọ sí yàrá mi, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn.